Híjáàbù Yẹ́lò Lẹ́yìn Àwọ̀n

Àwọn tó ń rán yúnífọ́ọ̀mù ọmọ ilé-ìwé ní Okota, kò sí ẹni tí kò mọ Hassanat Abórìṣàdé nínú wọn. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, obìnrin aránṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í pariwo. Láti ìgbà tí ìyá wọn ti ṣaláìsí, òun àti Memunat àbúrò rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé nínú yàrá kan tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Tí ẹ bá bá a nídìí máṣíìnì, ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa kí i kó tó gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì sọ pé ẹ mọ̀ ọ́n o, bí ẹ kò bá tíì rí i níbi tí wọ́n ti ń gbá ọ́kì.

Ọjọ́ tó gbé aṣọ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tí Memunat ń lọ ló kọ́kọ́ rí àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń fi ọ̀pá tó tẹ̀ lẹ́nu lé bọ́ọ̀lù kékeré kan tó le bí òkúta. Ó ní kí òun dúró wò ó díẹ̀. Ibẹ̀ ni oòrùn wọ̀ sí fún un. Nígbà tí wọ́n wá fi Memunat ṣe kípà, ọ̀rọ̀ náà di ọ̀rọ̀ ilé. Lẹ́yìn àwọ̀n gan-an ni Hassanat máa ń dúró. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, Memunat á bojú wẹ̀yìn, á wá híjáàbù yẹ́lò ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Tó bá ti rí i, á fi ọ̀pá kan òpó ọ̀tún, á fi kan òpó òsì, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé tí wọ́n fẹ́ parí ìdíje ọ́kì àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ní pápá kan ní Ire-Akárí, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì ló wà nílẹ̀ fún wọn: ọ̀kan láàárọ̀, àṣekágbá ní ìrọ̀lẹ́. Ti àárọ̀ bọ́ mọ́ Hassanat lọ́wọ́. Oníbàárà kan tó fẹ́ lọ síbi yìgì gbé búláòsì wá, ó ní apá rẹ̀ ń fún òun, kò sì kúrò níbẹ̀ títí Hassanat fi tú u, tó sì tún un rán. Bí Hassanat ṣe ń wọ pápá ni réfírì ń fọn fèrè ìparí. Wọ́n ti jẹ! Mardiyah, olórí ẹgbẹ́ wọn, ló gbá góólù kan ṣoṣo tó wọlé.

Memunat sáré wá pẹ̀lú páàdì gìrìwò lẹ́sẹ̀. "Àǹtí mi, mo wá yín wá yín, mi ò rí yín! Mo rò pé nǹkan ti ṣe yín ni. Ọpẹ́lọpẹ́ pé bọ́ọ̀lù ò fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi."

"Má bínú, oníbàárà ló dá mi dúró. Ti ìrọ̀lẹ́ yìí, àfi tí mo bá dùbúlẹ̀ àìsàn ni mi ò fi ní sí lẹ́yìn rẹ."

Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n Memunat gbé ọ̀rọ̀ náà sáyà.

Kò pẹ́ tí Ìyá Mardiyah fi pe Hassanat. Òun ni aṣáájú àwọn òbí tó máa ń wá wòran, obìnrin tó lọ́rọ̀ lẹ́nu, tó sì fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ bí ojú.

"Hassanat, wá ná. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, jọ̀ọ́, má fi ṣe ìbínú."

Hassanat kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìjókòó, mà."

"Lọ́dún tó kọjá, o wá, wọ́n nà wá. O tún wá, wọ́n tún nà wá. Níjẹta, kò tíì pẹ́ tó o dúró, góólù wọlé. Láàárọ̀ yìí o ò wá, a jẹ. Ṣé ìwọ náà rí i?"

Àwọn ìyá tó wà lórí bẹ́ǹṣì bẹ̀rẹ̀ sí í wolẹ̀.

"Mi ò sọ pé ẹsẹ̀ rẹ burú o, ẹ ò gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n ọdún tí àwọn ọmọ yìí máa jáde nìyí. Jọ̀ọ́, dúró sẹ́yìn géètì. Tí wọ́n bá ti fọn fèrè ìparí, wọlé wá bá wa jó."

"Kó kúkú lọ jókòó ti àwọn ará Òṣòdì tá a fẹ́ bá gbá," ni ẹnìkan wí lẹ́yìn, "ká fi rí wọn nà dáadáa!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Hassanat náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ tún híjáàbù rẹ̀ ṣe. Àgbà ni Ìyá Mardiyah, kò sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá àgbà jiyàn rí. Tí wọ́n bá tún wá pàdánù ńkọ́? Ó ní, "Kò burú, mà." Kò lè lọ sọ fún Memunat. Báwo ni èèyàn ṣe ń sọ irú ìyẹn fún ọmọ tó fẹ́ wọ pápá?

Lẹ́yìn ìrun Aláásárì, ó dúró ti géètì níta. Bàbá Rùfáì tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wò ó tìyanu-tìyanu.

"Ìyá Ọ́kì! Kí lo ń ṣe níta?"

"Mo fẹ́ gba atẹ́gùn ni, bàbá."

"Atẹ́gùn wo? Èéfín kẹ̀kẹ́ Màrúwá yìí?"

Ihò kan wà lára géètì níbi tí wọ́n ń ki ṣéènì bọ̀. Ó fojú sí i. Ó rí Memunat níwájú àwọ̀n, ó rí i tó bojú wẹ̀yìn. Ọmọ náà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó wo bẹ́ǹṣì àwọn òbí. Ó tún wo ẹ̀yìn àwọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá ojú ló fo òun. Fèrè dún, kò sì fi ọ̀pá kan òpó kankan.

Ará Òṣòdì mọ eré gbá. Bọ́ọ̀lù ń fò lórí iyanrìn, ó ń lu ọ̀pá, ó ń dún kọ́, kọ́, kọ́, gbogbo ìró rẹ̀ sì ń já Hassanat láyà. Ohun tó tún wá ń bà á lẹ́rù ju bọ́ọ̀lù lọ ni ojú Memunat. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kọjá sí apá ọ̀hún, ojú ọmọ náà á yà sí géètì.

"Ta ni kípà yìí ń wá?" Bàbá Rùfáì tó ń yọjú lórí géètì béèrè. "Ẹni tí wọ́n ní kó máa ṣọ́lé, ọ̀nà ló ń ṣọ́!"

Kò tíì pa ẹnu dé tí ọmọbìnrin ará Òṣòdì kan já wọlé láti apá òsì. Géètì ni Memunat ń wò. Nígbà tó fi máa yíjú, bọ́ọ̀lù ti wà nínú àwọ̀n.

Hassanat yọ ojú kúrò níbi ihò náà. Ó wà níta, góólù sì wọlé. Ta ni wọ́n fẹ́ dá lẹ́bi báyìí? Àfi tí mo bá dùbúlẹ̀ àìsàn: ohun tó sọ fún ọmọ náà nìyẹn. Ó ti mọ̀ báyìí pé ọmọ náà rò pé òun ti dùbúlẹ̀ àìsàn níbì kan. Ṣùgbọ́n bó bá wọlé, tí wọ́n bá pàdánù, orúkọ ẹlẹ́sẹ̀ burúkú á di tirẹ̀ títí ayé ní gbogbo Okota.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi."

Iwájú bẹ́ǹṣì ni ọ̀nà gbà. Ìyá Mardiyah dìde fùú. "Hassanat! Kí la jọ sọ?"

Ó kúnlẹ̀ lórí iyanrìn, ó tún dìde. "Ẹ má bínú, mà. Mo ti ṣèlérí fún ọmọ yìí kí n tó ṣe tiyín."

"Tí wọ́n bá nà wá, ọrùn rẹ ló wà o!"

"Mo gbọ́, mà."

Ó sì kọjá lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ nìyí tí àgbà ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ tó kọ ẹ̀yìn sí i. Nígbà tó dé ẹ̀yìn àwọ̀n, Memunat yíjú, ó rí yẹ́lò.

"Àǹtí mi! Ṣé ara yín yá?"

"Ara mi yá! Wo iwájú ẹ!"

Ọ̀pá kan òpó ọ̀tún. Ọ̀pá kan òpó òsì.

Láti ìgbà náà, ohun tó bá wá, ọmọ náà ń kó o. Ó fẹsẹ̀ gbá ọ̀kan dà nù, ó nà gbalaja lélẹ̀ gba òmíràn. Nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí, Mardiyah dá a padà, ó di ọ̀kan sí ọ̀kan. Pápá hó yèè. Wọ́n gbá a títí àkókò fi pé, kò sí ẹni tó jẹ. Ó di pẹ̀nátì.

Memunat gba méjì. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ náà sọ méjì nù, ìkẹta sì lu òpó. Ó wá ku èyí tó máa parí rẹ̀, ọwọ́ ará Òṣòdì ló sì wà. Hassanat rò ó pé òun lè rọra kúrò níbẹ̀ báyìí kí ojú má bàa ti òun. Ó di àwọ̀n mú, kò lọ.

Ọmọbìnrin náà gbá a. Memunat fò, ó pẹ́ díẹ̀. Bọ́ọ̀lù náà bá àwọ̀n gan-an níbi tí ọwọ́ Hassanat wà, ó tà á níka.

Wọ́n pàdánù. Gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì yíjú sí híjáàbù yẹ́lò lẹ́ẹ̀kan náà, Ìyá Mardiyah sì ń bọ̀, ó ń pariwo pé ṣebí òun ti ní kó dúró sẹ́yìn géètì. Memunat kò jẹ́ kó dé. Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú páàdì rẹ̀, omijé àti iyanrìn lójú.

"Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Ẹ dákun, nígbà tí góólù àkọ́kọ́ wọlé, níbo ni ẹ̀gbọ́n mi wà?"

Ìyá Mardiyah bojú wẹ̀yìn. Ó wo géètì. Ó wo ọmọ náà títí. "Òun lo ń wá?"

"Òun ni, mà. Mo rò pé ó ti dákú síbì kan ni."

Lápá ọ̀hún, àwọn ará Òṣòdì ti ń gbé ife wọn yí pápá ká. Nígbà tí wọ́n pe àwọn ọmọ láti wá gba mẹ́dàlì ipò kejì, Hassanat dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ìka rẹ̀ tó ti wú. Ìyá Mardiyah kó ìró rẹ̀ jọ, ó sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì.

"Jókòó, jàre. O ti dúró látàárọ̀."