Itọ́ Ni Mo Gbé fún Wọn

Òórùn bísíkíìtì tí wọ́n ń yan ní ilé iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Agége ló máa ń jí mi láàárọ̀ nígbà náà, ikọ́ á sì tẹ̀ lé e. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mò ń gbé, èmi, àwọn, ọkọ wọn àti ọmọ wọn jòjòló, nínú yàrá kan àti pálọ̀. Ogbómọ̀ṣọ́ la ti wá. Mo ríṣẹ́ sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Allen Avenue, níbi tí mo ti ń kí àlejò káàbọ̀, mo sì gbà pé mo ti kúrò lẹ́gbẹ́ àwọn tó ń tutọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí ikọ́ bá gbé mi, màá sáré wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, màá ṣí omi ẹ̀rọ kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́.

Oníkẹ́míìsì àdúgbò ní ibà ni, mo gba abẹ́rẹ́. Ó tún ní táífọ́ọ̀dù ni, mo tún gba abẹ́rẹ́. Nígbà tí mo rù tí síkẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ní ìdí mi, ẹ̀gbọ́n mi ò gbọ́ àlàyé mọ́, wọ́n ní kí n lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Níbẹ̀, nọ́ọ̀sì gbé ike kékeré kan lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sí i. Èèyàn kún orí bẹ́ǹṣì. Ojú tì mí. Mo kọjú sí ògiri, mo rọra tu itọ́ funfun sínú ike, mo dé e, mo fi bébà wé e bí ẹni gbé ẹ̀bùn. Èsì jáde pé kò sí nǹkan kan. Inú mi dùn délé. Mo gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mo bá a ṣeré títí ó fi sùn sí mi láyà.

Ikọ́ náà ò lọ. Lọ́jọ́ kan, níwájú àlejò, ẹ̀jẹ̀ jáde sára aṣọ ìnujú mi. Ẹ̀gbọ́n mi fi ẹ̀rọ ìránṣọ wọn sílẹ̀, wọ́n pọn ọmọ, a jọ padà sí ilé ìwòsàn. Lọ́tẹ̀ yìí, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní láàbù ló jáde wá bá wa. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹ̀rọ tuntun kan wá fún un, èyí tó ń dá ikọ́ ẹ̀gbẹ mọ̀ láàárín wákàtí díẹ̀.

“Lọ́jọ́sí, ṣé itọ́ lẹ mú wá àbí kẹ̀lẹ̀bẹ̀?”

Mo ní itọ́ ni.

“Ẹ má bínú, ó yẹ ká ti ṣàlàyé fún yín. Ẹ̀rọ ò lè rí ohun tí ẹ ò bá fún un. Inú àyà lọ́hùn-ún ni kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ti ń wá.”

Ó mú mi lọ sẹ́yìn ilé níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ó ní kí n mí kanlẹ̀, kí n wúkọ́ láti ìsàlẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan nítòsí tó ń kọjá ń yọjú wò wá lórí fẹ́ǹsì. Mo kàn dúró ni. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọmọ fún nọ́ọ̀sì, wọ́n lọ sídìí fẹ́ǹsì, wọ́n na ìborùn wọn bíi kọ́tìnnì.

“Ta lò ń tijú fún? Wúkọ́, jàre.”

Mo wúkọ́, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde.

Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Obìnrin náà ní oògùn wà, ọ̀fẹ́ ni, oṣù mẹ́fà ni màá fi lò ó láìdá a dúró. Lẹ́yìn náà ló wo ọmọ. “Gbogbo ẹni tó wà nílé la máa yẹ̀ wò.”

Kò sí nǹkan kan lára ẹ̀gbọ́n mi àti ọkọ wọn. Ọmọ náà ò tíì ṣàìsàn, ṣùgbọ́n ó ní láti máa lo oògùn tí kò ní jẹ́ kí àìsàn náà mú un. Láràárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi á pò ó mọ́ omi, ọmọ á máa sunkún, á máa tu ú dànù, èmi á jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú oògùn tèmi lọ́wọ́, mi ò ní lè wo ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ò sọ̀rọ̀ itọ́ yẹn sí mi rí. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi.

Ara mi ti yá tipẹ́. Àgídìngbì ni mò ń gbé báyìí, ọmọ náà ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì, ó sì máa ń wá lo họ́lídè lọ́dọ̀ mi. Kò mọ̀ pé òun lo oògùn kankan nítorí mi. Mo ti fẹ́ sọ fún un lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n ó máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kò sẹ́ni tó mọ́ tó àǹtí òun nínú gbogbo ẹbí, mi ò sì mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀.