Ìwé Tí Ẹnikẹ́ni Ò Rí, àti Bàtà Tí Wọ́n Kó Lọ

Ìgbà tí mò ń sọ yìí, ní nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1980, sójà ti gbàjọba, wọ́n sì ń kọ́ gbogbo ìlú ní títò. Bí o bá fẹ́ wọ ọkọ̀ Bódìjà ní Dùgbẹ̀, wàá tò. Bí o bá fẹ́ ra ṣúgà, wàá tò. Bí o bá yà kúrò lórí ìlà, sójà á ní kí o máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ lójú gbogbo ayé. Mò ń sọ èyí kí ẹ̀yin tí ẹ ṣì kéré lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìlà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré nígbà náà, àti pé ọkùnrin tó ba ìlà wa jẹ́ mọ ohun tó ń ṣe dáadáa.

Mo wà ní ọdún kẹta ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìbàdàn. Ọmọ Ṣakí ni mí, inú ìdílé Onítẹ̀bọmi ni wọ́n bí mi sí, Agbowó ni mo sì ń gbé nínú yàrá kan pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin méjì mìíràn. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kìrìsìtẹ́nì. Bùọ̀dá Táyọ̀, tó wà ní ọdún tó kẹ́yìn, ni ààrẹ wa.

A kò ní ṣọ́ọ̀ṣì nínú ọgbà. Àwọn Mùsùlùmí kò ní mọ́ṣáláṣí. Ohun tí àwa méjèèjì ní ni ṣọ́ọ̀bù káfíńtà àtijọ́ kan lẹ́yìn ilé ìkàwé, tí òrùlé páànù rẹ̀ máa ń hó lé wa lórí bí òjò bá dé. Tiwọn ni ọjọ́ Jímọ̀, tiwa ni ọjọ́ Àìkú. Kò sẹ́ni tó kọ òfin kankan sílẹ̀, ṣùgbọ́n àṣà kan wà tí àwa bá níbẹ̀, tí àwa náà sì ń tẹ̀lé. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, àwa Kìrìsìtẹ́nì la máa ń fọ ilẹ̀ yàrá náà, nítorí pé lọ́jọ́ kejì iwájú orí àwọn èèyàn máa kan ilẹ̀ yẹn. Àwọn náà á kó àga síta láàárọ̀ Jímọ̀ kí wọ́n lè tẹ́ ẹní, bí wọ́n bá sì kírun tán, wọ́n á kó o wọlé padà, wọ́n á tò ó lẹ́sẹẹsẹ, kojú sí ibi tí oníwàásù wa máa dúró sí. Èmi fúnra mi ti fọ ilẹ̀ yẹn débi tí eékún mi fi bó.

Ní ọjọ́ kan, wọ́n lẹ ìkéde mọ́ ilẹ̀kùn: wọ́n fẹ́ sọ ṣọ́ọ̀bù náà di ibi ìgbafẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ àgbà. Ọ̀gbẹ́ni Adégòkè, alábòójútó ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ló fọwọ́ sí i. Kí ariwo tó sọ, ó ti ránṣẹ́ pe Bùọ̀dá Táyọ̀ nìkan sí ọ́fíìsì rẹ̀. Bùọ̀dá Táyọ̀ padà wá pẹ̀lú ojú tó le. Ó ní àwọn Mùsùlùmí ló kọ̀wé pé orin wa ń dí àwọn lọ́wọ́, pé kí wọ́n lé wa, àti pé ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí àwọn aláṣẹ pinnu pé kí ẹnikẹ́ni má lò ó mọ́.

Mo gbà á gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn náà, torí mi ò fẹ́ purọ́ nínú ọ̀rọ̀ tí mo fi ń bá òpùrọ́ wí. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi gbà á gbọ́.

Orí ìlà ọkọ̀ ní Dùgbẹ̀ ni mo ti pàdé Ráfíù, olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí. Ọmọ Òkè-Àdó ni, ẹnu rẹ̀ mú, ẹ̀yìn mi gan-an ló sì bọ́ sí. Kò sí èyí tó lè yà fún ẹnì kejì, torí sójà kan dúró síwájú pẹ̀lú kòbókò.

"Sístà Dúpẹ́, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa," ó ní. "Ẹ ti bá wọn gba yàrá tán, ọkàn yín ti balẹ̀."

"Ta ló gba yàrá? Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ̀wé pé orin wa ń dí yín lọ́wọ́."

"Àwa? Ẹ̀yin lẹ kọ̀wé. Ẹ ní omi àlùwàlá wa ń jẹ́ kí ilẹ̀ máa yọ̀, pé ẹnì kan yín ti ṣubú."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Ọ̀gbẹ́ni Adégòkè. Ìwé yín wà nínú fáìlì lórí tábìlì rẹ̀. Ó fọwọ́ lé fáìlì yẹn ní gbogbo ìgbà tó ń bá mi sọ̀rọ̀."

"Ṣé o rí ìwé náà?"

"Mo ní ó fọwọ́ lé e."

"Mo gbọ́. Ṣé o rí i?"

"Rárá. Ìwọ ńkọ́, o rí tiwa?"

"Rárá."

Ìyá kan tó ru igbá lẹ́yìn wa ní, "Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ sún síwájú. Ẹ máa jà lọ nínú ọkọ̀."

Ní ọjọ́ kejì, èmi àti Ráfíù jọ lọ sí ọ́fíìsì náà. Ọ̀gbẹ́ni Adégòkè ò retí pé òun máa rí àwa méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. A kí i dáadáa. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi ìwé méjèèjì hàn wá."

Ó ní, "Ìwé ọ́fíìsì ni. Kì í ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́."

Ráfíù ní, "Bí ó bá jẹ́ àwa la kọ ọ́, sà, a ti rí i rí nìyẹn."

Ó wò wá títí, ó wá rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ̀sìn méjì ò lè pẹ́ nínú yàrá kan. Mò ń gbà yín lọ́wọ́ ara yín ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí mi nínú ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ọkùnrin tí kò fọ ilẹ̀ yẹn rí, tí kò gbé àga kan rí, ló ń gbà wá lọ́wọ́ ara wa.

Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pe ìpàdé gbogbogbòò, a sì ní kí wọ́n jẹ́ ká dìbò. Ọ̀gbẹ́ni Adégòkè gbà. Bó ṣe tètè gbà yẹn ló yẹ kó ti fu wá lára. Ó ní kí a tò: ìlà kan fún àwọn tó fẹ́ kí yàrá náà wà bó ṣe wà, ìlà kejì fún àwọn tó fẹ́ kí wọ́n gbà á. Iwájú gbọ̀ngàn ńlá ni a ó tò sí, wọ́n á sì ka orí. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, láti aago kan ọ̀sán sí aago méjì. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ohun tó ń jẹ́ Jímọ̀ mọ ibi tí Mùsùlùmí máa ń wà ní aago kan sí méjì. A kọ̀wé pé kó yí wákàtí padà. Kò fèsì. A tún kọ ọ́. Ó ránṣẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ dìbò máa wá àyè.

Ráfíù ló rántí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú ọgbà, níbi tí èmi náà ti gbé rí, omi ẹ̀rọ kì í wá ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lójúmọ́. Láti ìdájí la ti máa ń to bọ́kẹ́ẹ̀tì síwájú ẹ̀rọ, tí a ó sì lọ sí kíláàsì. Bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ bá ti wà lórí ìlà, ìwọ lo wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń jiyàn rẹ̀. Ọ́fíìsì Ọ̀gbẹ́ni Adégòkè gan-an ló kọ ọ́ mọ́ ara ògiri pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣí bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlòmíràn nípò.

"A máa fi bàtà wa sórí ìlà ká tó lọ kírun," Ráfíù ní. "Ẹ̀yin á máa ṣọ́ ọ. Lèmọ́mù á gé wáàsí kúrú. Kí aago méjì tó lù, a ti dé."

Ó kù kí n sọ fún Bùọ̀dá Táyọ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọjọ́ ààwẹ̀ ẹgbẹ́ wa, aago méjìlá sí mẹ́ta la sì máa ń gbàdúrà nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Agbowó.

"Bùọ̀dá, ẹ jẹ́ ká yí i sí Ọjọ́bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí nìkan."

"Sístà Dúpẹ́, ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ìlà. Ọ̀rọ̀ àdúrà ni."

"Orí la máa kà, sà. Wọn ò ní ka àdúrà."

"Ẹ ti ń sọ̀rọ̀ bí àwọn olóṣèlú," ó ní, ó sì gbé Bíbélì rẹ̀.

Ó kó ju ìdajì ẹgbẹ́ wa lọ sí Agbowó lọ́jọ́ náà. Wọ́n wà lórí eékún wọn, wọ́n ń sunkún pé kí Ọlọ́run bá wa gba yàrá wa padà, ní wákàtí kan ṣoṣo tí yàrá náà nílò pé kí wọ́n dìde dúró. Mi ò mọ ẹlòmíràn láyé yìí tó lè ṣe irú àṣìṣe yẹn. Àwa nìkan ni.

Àwọn Mùsùlùmí tètè dé. Wọ́n bọ́ bàtà wọn sórí ìlà wa, méjì méjì, wọ́n sì fẹsẹ̀ lásán gba orí títì ọlọ́dà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Àwa tó kù lára ẹgbẹ́ Kìrìsìtẹ́nì dúró láàárín bàtà wọn, bí ẹni ń ṣọ́ ọjà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í lo yàrá náà ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ láti orí ìlà kejì.

"Sístà, èló ni bàtà dúdú yẹn?"

"Kò sí fún títà," mo ní. "Ó ń dìbò."

Ní aago méjì ku ogún ìṣẹ́jú, Ọ̀gbẹ́ni Adégòkè jáde pẹ̀lú àwọn ẹ̀ṣọ́, ó ní òun fẹ́ ka ìlà.

"Aago méjì kò tíì lù, sà."

"Aago tèmi ti lù."

Ó ń ka orí lọ. Tó bá dé ibi bàtà, á fò ó. Mo tẹ̀ lé e láti bàtà kan sí ìkejì, mò ń sọ orúkọ àwọn tí mo mọ̀: ti Síkírù nìyí, sà, ti Mùsílíátù nìyí.

"Mi ò ka bàtà," ó ní.

"Ṣùgbọ́n ẹ ń ka bọ́kẹ́ẹ̀tì, sà. Ó wà lára ògiri."

Ó kọjá sí orí tó kàn. Bó ṣe kéde pé ìlà kejì ló borí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sáré bọ̀ láti ẹ̀yìn ilé ìkàwé, Ráfíù níwájú, gbogbo wọn láìwọ bàtà, tí wọ́n ń fò lórí ọ̀dà gbígbóná. Aago gbọ̀ngàn kò tíì lu méjì. Olúkúlùkù dúró sídìí bàtà tirẹ̀. Ìlà wa wá gùn kọjá ìlà kejì, ó gùn ún kọjá débi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ pàápàá fi ń wo ara wọn. Ráfíù ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún un kà." Ọ̀gbẹ́ni Adégòkè ní ìdìbò ti parí.

A kò kúrò níbẹ̀. Nígbà tó di ìrun Alásárì, àwọn Mùsùlùmí tún bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan láti kírun, àwa sì ń ṣọ́ àyè wọn. Ìgbà tí wọ́n forí balẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan dé, àwọn ẹ̀ṣọ́ bọ́ sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó bàtà. Mo di ọ̀kan mú. Ẹ̀ṣọ́ tó dì í mú pẹ̀lú mi ní, "Ọmọ mi, fi sílẹ̀, ọ̀gá ní ẹ̀rí ni." Ó jẹ́ àgbàlagbà, ojú ń tì í. Kò tìtorí ìyẹn fi í sílẹ̀.

Nígbà tí a fi padà dé ṣọ́ọ̀bù, àgádágodo ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, a lọ síbẹ̀ nítorí pé a kò mọ ibòmíràn tí a lè lọ. A bá àga wa lábẹ́ igi dóńgóyárò. Àwọn Mùsùlùmí ti kó wọn síta láàárọ̀ Jímọ̀ kí ilẹ̀kùn tó tì, wọ́n sì ti wá tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, kojú sí ibi tí oníwàásù máa dúró sí. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n ṣe é. Bùọ̀dá Táyọ̀ dúró, ó ń wo àga náà, kò lè gbé orin. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, òun ló kọ́kọ́ pọn omi tí a fi fọ orí kọnkéré iwájú ṣọ́ọ̀bù fún wọn.

Wọ́n pe èmi àti Ráfíù síwájú ìgbìmọ̀ oníbàáwí. Sílípáàsì ilé ìwẹ̀ ni Ráfíù wọ̀ lọ, torí bàtà kan ṣoṣo tó ní wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ pé kò múra bó ṣe yẹ. Wọ́n dá mi dúró fún ọdún kan, wọ́n dá òun dúró fún méjì. Nígbà tí mo dé Ṣakí, bàbá mi, tó jẹ́ díákónì, ka ìwé ìdádúró náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Wọ́n ní o ń ṣọ́ bàtà fún àwọn Mùsùlùmí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé o ṣọ́ ọ dáadáa?"

"Wọ́n kó o mọ́ mi lọ́wọ́, sà."

"Ohun tí mo máa bá ọ wí fún nìyẹn," ó ní, ó sì ní kí n lọ jẹun.

Kí la rí gbà? Ibi ìgbafẹ́ yẹn ò ṣí títí di òní. Ojú ti àwọn òṣìṣẹ́ àgbà láti jókòó mu ọtí níbẹ̀, òrùlé sì wó lé àgádágodo wọn lórí. Kí la pàdánù? Lẹ́yìn wa, wọ́n fún ẹ̀sìn kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ tirẹ̀, ó sì jẹ́ ohun tó dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ báyìí, kò sì sí ẹni tó ń fọ ilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ lónìí, tí wọ́n ń sọ fún pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀, mò ń sọ fún yín pé irọ́ ni.

Ohun tí wọ́n jẹ wá ṣì wà nílẹ̀. Wọn ò dá bàtà padà. Wọn ò tún ìlà kà. Wọn ò fi ìwé hàn wá.

Ní àìpẹ́ yìí, mo rí Ọ̀gbẹ́ni Adégòkè ní Ring Road, níwájú báńkì, pẹ̀lú ọ̀pá. Mo kúnlẹ̀ kí i, torí wọ́n kọ́ mi nílé. Nígbà tí mo dìde, mo ní, "Dúpẹ́ ni, sà. Mo wá béèrè ìwé náà."

"Ìwé wo?"

"Ìwé tí àwọn Mùsùlùmí fi ní kí ẹ lé wa. Àti èyí tí àwa fi ní kí ẹ lé wọn."

Ó wò mí pẹ́. "Ìwọ obìnrin yìí, kò sí ìwé kankan. Ìgbà náà ti kọjá."

Mo ní, "Ẹ ṣé, sà. Ẹ bá mi kọ ìyẹn sílẹ̀."

Ó ní òun ò ní bíróò lọ́wọ́. Mo yọ tèmi nínú báàgì, mo nà án sí i. Ó wò ó, ó wò mí, ó sì yí ọ̀pá rẹ̀ padà sí ọ̀nà mọ́tò rẹ̀.

Bíróò náà ṣì wà nínú báàgì mi. Mò ń yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè bóyá yíǹkì rẹ̀ ṣì ń ṣàn.