Àpótí Kẹrin

Aránṣọ ni mí. Iwájú ilé ni ẹ̀rọ mi wà, yàrá ẹ̀yìn ni àbúrò mi obìnrin ti ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Atọpinpin là ń pè é láti kékeré, torí bí aago bá dúró, yóò ti tú u palẹ̀ kó tó béèrè pé aago ta ni.

Ilé ìwòsàn kan ní ètò tó ń fi nọ́ńbà ọkọ̀ pàjáwìrì han àwọn aláboyún lórí fóònù. Òun ló ń tọ́jú rẹ̀. Ó ní inú àpótí mẹ́rin tó jọra ni ètò náà wà, lórí ọ̀wọ́ kọ̀ǹpútà kan tó jìn sí wa. Èyíkéyìí nínú wọn lè dá èèyàn lóhùn. Kì í ṣe àpótí onípákó o! Fáìlì kan wà níta tí nọ́ńbà wà nínú rẹ̀. Bí àpótí kan bá kú, tuntun á rọ́pò rẹ̀, á sì gba ẹ̀dà tirẹ̀ látinú fáìlì yẹn.

"Bíi bébà tí mo fi ń gé aṣọ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti gbà á!"

Inú mi dùn bí ẹni tó yege ìdánwò.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, nọ́ńbà náà yí padà. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọmọ mi pè mí. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́sàn-án, ilé ìwòsàn yẹn ló ti forúkọ sílẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì wà lẹ́nu iṣẹ́.

"Mọ́mì, mo ní kí n dán nọ́ńbà ọkọ̀ pàjáwìrì yẹn wò. Kò lọ o."

Mo já wọ yàrá ẹ̀yìn. "Atọpinpin! Ṣé ojú títì lo fẹ́ kí ọmọ mi bímọ sí ni?"

Ó ṣí ètò náà lórí fóònù rẹ̀: nọ́ńbà tuntun. Ó tún un ṣí: tuntun. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ti àtijọ́ yọjú. Ẹlòmíì ì bá ti máa gbọ̀n, àbúrò mi fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn.

"Èyí mà dára o," ló wí.

"Kí ló dára níbẹ̀?" mo jágbe.

Ó wo ọjọ́ orí àwọn àpótí náà. Mẹ́ta ti lo ọjọ́ méjìlá. Ẹ̀kẹrin kò tíì pé wákàtí mẹ́ta.

"Èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti kú láàárọ̀ yìí," ló ní.

"Níbo wá ni tuntun ti rí nọ́ńbà àtijọ́?" Èmi ni mo béèrè bẹ́ẹ̀ o, ọ̀rọ̀ náà ti ń wọ̀ mí lára.

Ó ká ọwọ́ lérí. "Èmi ni. Ìkánjú ló mú mi lọ́jọ́ Ẹtì. Inú àpótí kọ̀ọ̀kan ni mo ti fọwọ́ tún un ṣe. Mi ò fọwọ́ kan fáìlì ìta."

"O tún aṣọ ṣe, o fi bébà sílẹ̀!"

Mo fẹ́ bú u. Àmọ́ mo rántí ọrùn búláòsì kan tí mo ti ń fi ṣọ́ọ̀kì tún ṣe lórí aṣọ láti èṣí, tí mi ò tún bébà rẹ̀ gé.

Ó tún fáìlì ṣe, ó fi àpótí tuntun rọ́pò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì pe ọ̀gá rẹ̀: "Àṣìṣe mi ni, sà." Lẹ́yìn náà la ṣí ètò náà nígbà ogún, èmi ni mo ń kà á: nọ́ńbà tuntun ni gbogbo rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, ìrọbí mú ọmọ mi. Kí n tó rí bàtà mi, ọkọ̀ ti gbé e lọ. Láti ilé ìwòsàn ni mo ti pe àbúrò mi.

"Ó ti bí o! Tibi tire!"

Ta ni kò ní béèrè bóyá akọ ni tàbí abo? Atọpinpin mí kanlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà mélòó ló pe ọkọ̀ náà kí ìpè tó wọlé?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo."

Ìgbà yẹn ló tó bú sẹ́kún.