Nígbà Tí A Lọ Bẹ Kóòṣì Nítorí Igbó

Eré mítà ẹgbẹ̀rin ni àbúrò mi ọkùnrin máa ń sá. Mi ò ní sọ pé kò sí ẹni tó lè lé e bá ní gbogbo Ìbàfò, nítorí mi ò tíì rí gbogbo wọn. Àwọn tí mo rí ṣáá, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n máa ń wò.

Mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán nígbà náà, mo wà nílé, mò ń wá iṣẹ́, mo sì máa ń tẹ̀ lé e lọ sí pápá láàárọ̀. Kóòṣì wọn, jórinjórin kan tó ti sáré fún ìpínlẹ̀ wa rí, ló máa ń kó wọn jọ sí pápá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Mowé lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Ó ti yan àwọn tó máa lọ sí ìdíje ní Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n ti máa mú àwọn tó máa ṣojú ìpínlẹ̀. Àbúrò mi ló kọ́kọ́ dárúkọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kóòṣì bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn kó lè bá a na ẹsẹ̀, ó sì dáwọ́ dúró. Ó gbóòórùn igbó lára rẹ̀. Kò pariwo.

"Igbó ń rùn lára ẹ. Lọ jókòó. O ò bá wa lọ sí Abẹ́òkúta mọ́."

Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó gbọ́ ọ ké láti òdìkejì pé, "Kóòṣì, ẹ ṣeun jàre! Ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo máa ń wà, èéfín ì bá ti pa mí!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tó délé, kò jẹun.

Mo bi í léèrè ohun tó rí nínú igbó. Ó ní bí ìdíje bá ti ń sún mọ́lé, òun kì í rí oorun sùn. Bí òun bá mu díẹ̀, àyà òun á balẹ̀.

"Ṣé ó ń jẹ́ kó o sáré sí i ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí o! Bí igbó bá ń jẹ́ kéèyàn sáré, àwọn tó ń mu ún lábẹ́ bíríìjì yẹn ì bá ti gba góòlù fún Nàìjíríà."

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo ro ó. Bó bá jẹ́ pé nítorí èrú ni wọ́n ṣe ń lé eléré ìdárayá kúrò nínú ìdíje, ó yẹ kí wọ́n fi hàn wá pé igbó ń fúnni lágbára tí ẹlòmíì ò ní. Èmi ò rí i. Àárọ̀ tí wọ́n gbóòórùn rẹ̀ yẹn, ńṣe ló ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Síbẹ̀, mi ò lè gbá apá kejì dànù. Ẹ̀rù wà lára eré. Bí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ lórí ìlà bá ń gbọ̀n, tí ìwọ sì ti mu nǹkan tó lé ẹ̀rù tìrẹ lọ, ṣé ẹ jọ dọ́gba? Mi ò mọ̀. Èrò mi ni pé kí wọ́n bá a wí, kí wọ́n má lé e.

Ìyá wa ní tirẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe bí ọmọdé bá ṣẹ àgbà: wọ́n á lọ bẹ̀bẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n bàbá wa ní Ifọ̀. Àbúrò mi kọ́kọ́ fárígá. Ó ní bí òun bá dọ̀bálẹ̀, òun ti gbà nìyẹn pé òun rẹ́ ẹnì kan jẹ, bẹ́ẹ̀ òun ò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Mo rí ọgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ìyá wa ò rí i.

"Dọ̀bálẹ̀ ná, kó o tó máa ṣe lọ́yà!"

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àìkú, a bá kóòṣì nílé. Àbúrò mi na gbalaja. Ìyá wa kúnlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa, tó ju kóòṣì lọ fíìfíì, ṣí fìlà.

"Ọmọ ẹ náà ni. Ọmọ ẹni ò ní burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ."

Kóòṣì yára dìde. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dé fìlà yín. Mo ti gbọ́. Mo ti dárí jì í."

Lójú wa, ọ̀rọ̀ ti parí. Ibi tí wọ́n bá ti bẹ̀bẹ̀, tí wọ́n sì gbà á, a kì í tú u wò mọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ti ń ṣàdúrà pé kó fẹsẹ̀ ire lọ Abẹ́òkúta, kó fi bọ̀, nígbà tí kóòṣì gbọ́wọ́ sókè.

"Bàbá, kò lọ o."

"Ṣebí o ní o ti dárí jì í?"

"Èmi ti dárí jì í. Bí wọ́n bá gba ìtọ̀ ẹ̀ níbẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò ńkọ́? Ìtọ̀ ò mọ ẹ̀bẹ̀, bàbá. Bó bá jókòó báyìí, ìdíje kan ló pàdánù. Bí wọ́n bá bá igbó lára ẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n lè fi òfin dè é títí ẹsẹ̀ ẹ̀ á fi wúwo."

Àgbàlagbà náà yíjú sí mi. "Ìwọ tó o kàwé, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Mo fẹ́ sọ pé òfin náà le jù. Ìyẹn kọ́ ni wọ́n bi mí. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó máa ń pẹ́ kó tó kúrò lára."

Àbúrò mi dìde nílẹ̀, ó gbọn eruku àyà rẹ̀. Kò wojú mi.

Nígbà tí àwọn yòókù ń lọ, kóòṣì ní kó tẹ̀ lé wọn, kó bá wọn gbé omi, kó lè rí bí pápá náà ṣe rí. Mo rò pé kò ní lọ. Ó lọ. Lọ́jọ́ tó dé, ìyá wa gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, mo sì bi í bó ṣe rí.

"Ẹni tó ṣe ipò kìíní ò lè bá mi sáré."

"Ìtọ̀ ńkọ́? Ṣé wọ́n gbà á?"

Ó gbé òkèlè kan mì. "Wọn ò gba ti ẹnikẹ́ni."

Ìyá wa bu ọbẹ̀ kún un. Mo sún mọ́ ọn.

"Ṣé inú ń bí ẹ sí kóòṣì?"

"Ó ń bí mi. Àmọ́ mo máa lọ sí pápá lọ́la."

"Igbó ńkọ́?"

"Mi ò fẹnu kàn án láti ọjọ́ yẹn." Ó fa abọ́ omi mọ́ra, ó ń fọwọ́. "Oorun náà ni mi ò tíì rí sùn."