Lẹ́tà tí Mo Kà Láì Mọ̀ Ọ́n Kà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi gbé ògì kaná lórí gáàsì, ó tẹjú mọ́ fóònù, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Inú yàrá ni mo wà tí òórùn ògì tó ń jóná fi bá mi. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ọmọ mi sáré wọlé, ó rò pé àdúrà ni mò ń gbà. Mo ní kó lọ fọ ìkòkò rẹ̀. Àádọ́ta ọdún mi ku díẹ̀ kó pé, síbẹ̀ òórùn yẹn ṣì máa ń sọ mí di ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ni mo fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ fún.

Ìkìrun la wà, nígbà tó kù díẹ̀ ká wọ ọdún 1990. Agbo ilé wa tóbi, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ló ń gbé ibẹ̀, a jọ ń jẹ ẹran Iléyá, a jọ ń jẹ ìrẹsì Kérésì. Bí lẹ́tà bá dé láti Òkè Ọya, kì í ṣe ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí nìkan ló ni ín. Gbogbo ilé á péjọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn àgbà á jókòó sórí ẹní, ẹni tó mọ̀wé á sì dúró láàrin. Bùrọ̀dá kan tó jẹ́ tíṣà ló ń kà á tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbé e lọ síléèwé kan ní Inísà, iṣẹ́ náà sì bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo wà ní kíláàsì karùn-ún, ipò kìíní ni mo máa ń gbà, mo sì gbéra ga díẹ̀, kí n má parọ́. Ẹni tó bá ka lẹ́tà ló ń jẹ ẹja tó tóbi jù lọ́jọ́ náà.

Ìyá Ràfíù ni ẹlẹ́kọ agbo ilé wa. Ààrò wọn lẹ́yìn ilé kì í tutù. Ràfíù, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti bá wọn jà kó tó lọ sí Jos. Ó ní òun kò ní dúró ti oko bàbá òun ní Ìgbàyè, iṣẹ́ mẹkáníìkì lòun fẹ́ kọ́. Ìyá rẹ̀ ní bó bá jáde, kó má bojú wẹ̀yìn mọ́. Ó jáde lóòótọ́, kò sì bojú wẹ̀yìn. Ó tó ọdún méjì kí awakọ̀ kan tó mú lẹ́tà rẹ̀ àkọ́kọ́ dé gáréèjì Ìkìrun.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún lọ́jọ́ náà. Wọ́n ya àpòòwé, wọ́n fi bébà náà lé mi lọ́wọ́. Mo wò ó, mo yí i sẹ́yìn, mo tún yí i síwájú. Ìwé tí wọ́n ń kọ́ wa níléèwé, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni álífábẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ń dá dúró. Ti Ràfíù so mọ́ra wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà dé òpin, bí ìtàkùn iṣu tí kò rí ẹni lọ́ ọ. "Màmá mi" ni mo rí kà lókè, mo rí "Ràfíù" nísàlẹ̀, gbogbo àárín ṣókùnkùn. Mo gbójú sókè, ojú bí ogún ń wò mí, Ìyá Ràfíù wà níwájú. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á ní n kò mọ̀wé. Mo bá la ẹnu, mo ní Ràfíù kí màmá rẹ̀ púpọ̀, pé àlàáfíà ló wà, pé iṣẹ́ ń lọ dáadáa, pé kí wọ́n bá òun kí gbogbo ará ilé.

Ó yẹ kí n dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rántí pé èmi kan náà ni wọ́n á ní kí n kọ èsì, kí ni n ó sì fi dáhùn ohun tí n kò kà? Ni mo bá fi tèmi kún un: "Ẹ má wulẹ̀ dá èsì padà o, mo fẹ́ kó kúrò nílé tí mo wà. Tí mo bá débi tuntun, màá kọ̀wé."

Gbogbo ilé dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìyá Ràfíù fi etí ìró nu ojú, wọ́n fún mi ní ẹ̀kọ gbígbóná méjì àti ẹja. Mo jẹ ẹja náà tán, àmọ́ n kò lè wo ojú wọn.

Oṣù ń gorí oṣù, lẹ́tà mìíràn kò dé. Ìyá Ràfíù bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bóyá ọmọ àwọn kò sọ ìgbà tí òun máa kọ̀wé. Mo ní kò sọ ọ́. Wọ́n á mi kanlẹ̀, wọ́n á padà sídìí ààrò.

Ibẹ̀ la wà tí Anti Bọ́sẹ̀ fi gbé tiwọn dé. Aránṣọ ni wọ́n lẹ́nu ọ̀nà agbo ilé wa, ìwé tí wọ́n kà kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ èyí tí wọ́n kà dáadáa. Ó ti sú wọn bí àwọn obìnrin ṣe ń mú káàdì ilé ìwòsàn wá lójoojúmọ́ kí Anti lè bá wọn wo ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì dá fún wọn. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ mọ̀wé kó gbé àpótí ìjókòó tirẹ̀ wá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, àwọn kò gba nǹkan kan. Káfíńtà òdìkejì títì fá pákó, ó fi èédú inú bátìrì kùn ún dúdú. Álífà kéde rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, pásítọ̀ wa náà kéde rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Bàbá kan ní Òkukù, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, fi bébà àtijọ́ tí ẹ̀yìn wọn ṣì funfun ránṣẹ́ nínú bọ́ọ̀sì àwọn ọlọ́jà. Ìjọba kankan kò mọ̀ sí i. Ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń sàmì sára aṣọ ni wọ́n fi ń kọ A, B, D.

Ìyá Ràfíù ló kọ́kọ́ gbé àpótí dé. Anti Bọ́sẹ̀ ní kí kálukú sọ ohun tó gbé e wá. Ìyá Ràfíù tú etí ìró, wọ́n yọ lẹ́tà náà jáde, wọ́n ní, "Èyí ni mo fẹ́ fi ojú ara mi kà kí n tó kú." Wọ́n wá yíjú sí mi níbi tí mo dúró sí tí mò ń wòran, pẹ̀lú ẹ̀rín: "Kì í ṣe pé o ò kà á dáadáa o, ọmọ mi."

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti ń bá mi sùn, tó ń bá mi jí. Bí Ìyá Ràfíù bá mọ álífábẹ́ẹ̀tì kan sí i, tí gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́, èmi á máa fi ìka ka iye tó kù kí wọ́n mọ̀. Mo gbàdúrà kí òjò rọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Òjò rọ̀ lóòótọ́, Ìyá Ràfíù da agbada ògì borí, àwọn ló sì kọ́kọ́ débẹ̀. Nígbà tí mo rí i pé àdúrà mi kò ràn mí lọ́wọ́, mo lọ bẹ Anti Bọ́sẹ̀ kí wọ́n kọ́ mi ní ìwé tí wọ́n ń so pọ̀, kí n lè ka lẹ́tà náà ṣáájú. Wọ́n yìn mí lójú ìyá mi pé n kò fi ẹ̀kọ́ ṣeré. Kò pẹ́ tí kíláàsì Ìyá Ràfíù náà fi bẹ̀rẹ̀ ìwé tí wọ́n ń so pọ̀. Ìje la ń sá, Ìyá Ràfíù nìkan ni kò mọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ìsinmi, Ìyá Ràfíù ń ro ẹ̀kọ lọ́wọ́, wọ́n ní kí n bá àwọn mú ìwé àwọn wá nínú yàrá. Lẹ́tà náà wà láàrin rẹ̀. Mo ṣí i lójú fèrèsé. Ìtàkùn náà ti tú lójú mi, mo ń rí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan:

"Màmá mi, mo mọ̀ pé mo ṣẹ̀ yín. Mo ti ní ìyàwó, ó sì ti bí obìnrin. Álífà ti sọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n a fi oríkì rẹ̀ sílẹ̀ dè yín. Tí ẹ bá ti dárí jì mí, ẹ fi oríkì tí ẹ fún un ránṣẹ́. Tí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan, á yé mi pé ẹ ò fẹ́ rí wa mọ́."

Ó ti lé ní ọdún kan. Ọmọ kan wà ní Jos tí ìyá bàbá rẹ̀ kò tíì pè é ní oríkì, torí èmi ni mo ní kí wọ́n má dá èsì padà.

N kò mọ bí mo ṣe dé ìdí ààrò. Iná ń jó dáadáa. Mo rò ó pé bí bébà yìí bá jóná, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Mo na ọwọ́ sí iná títí ooru fi ń ta mí, àmọ́ ọwọ́ mi kọ̀, kò tú u sílẹ̀. Ìyá Ràfíù gbójú sókè. Wọ́n wo bébà, wọ́n wo iná, wọ́n wo ojú mi.

"Mú un wá," wọ́n wí.

Wọ́n fi orógùn sílẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń kà á jáde. Nígbà tí wọ́n dé "oríkì", wọ́n padà sókè, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ ń jóná nínú ìkòkò, òórùn rẹ̀ gba ẹ̀yìn ilé, kò sẹ́ni tó dìde nínú àwa méjèèjì.

"O ò mọ̀ ọ́n kà nígbà yẹn," ni wọ́n sọ nígbẹ̀yìn.

"Mi ò mọ̀ ọ́n, mà."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ẹ̀rù bà mí."

Mo ń retí orógùn lórí mi. Ì bá wù mí kí wọ́n lù mí. Wọ́n kàn sọ ìkòkò náà kalẹ̀, wọ́n sì kẹ̀yìn sí mi. Láti ọjọ́ yẹn, wọn kò rán mi níṣẹ́ mọ́, wọn kò sì sọ ọ̀rọ̀ náà fún ìyá mi. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn dẹ́rù bà mí ju pàṣán lọ.

Àwọn fúnra wọn ni wọ́n kọ èsì. Wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sórí tábìlì tí Anti Bọ́sẹ̀ fi ń gé aṣọ, wọ́n ń nù ún, wọ́n ń tún un kọ, wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Nígbà tó yá, wọ́n dà á kọ sẹ́yìn bébà rélùwéè: "Ràfíù, Àbẹ̀kẹ́ ni. Ẹ gbé e wá kí n rí i." Awakọ̀ mú un lọ. Ẹ̀rù mìíràn tún dé: bí Ràfíù bá ti kó lọ ńkọ́? Bí inú rẹ̀ bá ti le ńkọ́? Gbogbo ọkọ̀ tó bá ti Jos dé ni mo ń wo ojú awakọ̀ rẹ̀.

Lẹ́tà dé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tún kún. Ìyá Ràfíù ya àpòòwé fúnra wọn, wọ́n fi ojú lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, n kò rí nǹkan kan kà lójú wọn. Wọ́n wá pe orúkọ mi. Ẹ̀yìn ìyá mi ni mo sá pamọ́ sí. Wọ́n na lẹ́tà náà sí mi lójú gbogbo ilé.

"Kà á fún wa. Ibi tí o ò bá mọ̀, sọ pé o ò mọ̀ ọ́n."

Ohùn mi ń gbọ̀n. "Màmá mi, lẹ́tà yín tẹ̀ wá lọ́wọ́. Àbẹ̀kẹ́ ti ń rìn. Gbogbo wa ń bọ̀ wálé ní..." Ibẹ̀ ni ìwé náà tún ti lọ́ mọ́ra. Irọ́ ti wà lẹ́nu mi, ó ti fẹ́ jáde. Mo gbé e mì.

"Mà, mi ò mọ ibí yìí."

Ìyá Ràfíù dìde, wọ́n wá dúró tì mí, wọ́n gbé ìka wọn tó ń run ewé ẹ̀kọ lé ọ̀rọ̀ náà. "Iléyá ni," wọ́n wí. "Iléyá, ọmọ mi."

Anti Bọ́sẹ̀ àti Ìyá Ràfíù ti lọ sinmi. Fóònù ni wọ́n ń tún ṣe báyìí nínú ṣọ́ọ̀bù tí Anti ti ń ránṣọ. Àpòòwé kò dé gáréèjì mọ́, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ṣì ń na fóònù sí mi pé kí n bá àwọn wo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí èmi àti Àbẹ̀kẹ́ fi ń kọ́ wọn ní ìwé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà lọ́jọ́ Sátidé, Inísà tó ń gbé báyìí ló ti ń wọ ọkọ̀ wá. Kálukú ṣì ń gbé ìjókòó tirẹ̀ dání. Kí a tó kọ A sára pákó, gbogbo wa á kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan pé, "Mi ò mọ ibí yìí." Èmi ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀, ohùn mi ṣì máa ń gbọ̀n.