Àwòrán fún Àwọn Ará Ìsàlẹ̀

Bí ẹ bá dé Fante New Town ní Kumasi, ní Ghana, tí ẹ béèrè ṣọ́ọ̀bù Adérónkẹ́, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Ẹ béèrè Maame TV, kíá ni wọ́n á mú yín dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ ó bá obìnrin gíga kan tó gbé àpò kékeré kọ́ ọrùn, tí wáyà àti skurudíráfà kún inú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa fi kámẹ́rà àti tẹlifíṣọ̀n ńláńlá háyà fún àwọn tó ń ṣe òkú. Ní Kumasi, ebi kò lè pa ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, torí kò sí Sátidé tí ẹ ò ní rí aṣọ dúdú àti aṣọ pupa lójú títì, tí wọ́n ń rọ́ lọ síbi òkú.

Suame Magazine, ọgbà àwọn mẹkáníìkì, ló ti kọ́ iṣẹ́ wáyà, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Fuseini, tó ń tún iná mọ́tò ṣe. Nígbà tó kọ́kọ́ débẹ̀, àwọn ọkùnrin tí epo ti sọ ara wọn di dúdú rò pé oúnjẹ ló wá tà, wọ́n bi í bóyá ìrẹsì ni àbí kenkey. Nígbà tó yá, òun ni wọ́n ń wá kiri tí rédíò mọ́tò bá ya odi. Iṣẹ́ yẹn náà ló fi tọ́ Princess, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú. Princess di nọ́ọ̀sì, ó sì fẹ́ Yaw, ọmọ Asante kan tó jẹ́ tíṣà.

Lọ́dún tó kọjá ni Adérónkẹ́ ra ẹ̀rọ kékeré méjì tí wọ́n ń pè ní transmítà. Ọ̀kan á wà lára kámẹ́rà, á máa ta àwòrán gba inú afẹ́fẹ́. Èkejì á wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n níbi tó jìnnà, á máa gbà á. Kò sí wáyà láàárín wọn, wọn ò sì jẹ dátà. Gifty, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló sọ wọ́n lórúkọ ìbejì bí àwọn Asante ti ń sọ ọ́: èyí tó ń ta àwòrán ni Panyin, àgbà, èyí tó ń gbà á ni Kakra, àbúrò. Ibi òkú ni ìbejì yìí ti gba orúkọ. Àwọn tó wà lábẹ́ kánópì ní ìkángun pápá, tí wọ́n ti máa ń na ọrùn títí ọrùn á fi máa dùn wọ́n, wá ń jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n ń rí ohun gbogbo bí ẹni tó wà níwájú.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ti ibi òkú. Ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Yorùbá kan ní Tafo ló ti ṣẹlẹ̀. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ti ń jọ́sìn, àwọn ṣọ́ọ̀bù ló wà nísàlẹ̀. Bàbá Oyèdélé, bàbá tó bí Adérónkẹ́, wà lára àwọn bíríkìlà tó kọ́ ilé náà nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ gan-an, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Kí n má purọ́, àtẹ̀gùn náà burú. Ó ga gègèrè bí ẹni ń gun igi àgbọn, àwọn ìyá ìjọ sì ti ń kùn nípa rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí ilé ọ̀hún. Bàbá á ní kí wọ́n máa gùn ún, ó ń mú ara le. Ní báyìí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti rọ, abẹ́ igi dóńgóyárò inú ọgbà ni òun náà ń jókòó lọ́jọ́ Ìsinmi, pẹ̀lú àwọn àgbà mìíràn tí orúnkún wọn ti kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Ohùn nìkan ni wọ́n ń gbọ́ láti inú lásípíkà. Wọ́n á gbọ́ tí ìjọ bú sẹ́rìn-ín lókè, wọ́n á sì máa wo ara wọn lójú, wọn ò mọ ohun tó fa ẹ̀rín.

Nígbà tí Princess bí ọmọbìnrin, ilé ìwòsàn ni Bàbá wà lọ́jọ́ tó yẹ kí wọ́n sọ ọmọ lórúkọ. Princess yarí kanlẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó máa pe orúkọ ọmọ òun àfi Bàbá. Nítorí náà, Yaa nìkan ni wọ́n ń pe ọmọ náà, orúkọ tí gbogbo ọmọbìnrin tí wọ́n bí lọ́jọ́bọ̀ ń jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn Asante, wọ́n sì fi ìyókù di ọjọ́ ìkómọjáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nínú ìjọ yẹn, àgbà ẹbí ló ń kọ́kọ́ pe orúkọ ọmọ níwájú pẹpẹ kí pásítọ̀ tó gbà á lẹ́nu rẹ̀. Bàbá wá ní tirẹ̀ lórí ìyẹn: ojú ọmọ ló máa ń wò tó bá ń pe orúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún gbogbo ọmọ tó tinú ilé rẹ̀ jáde.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ gbé yín gòkè," ni Adérónkẹ́ wí.

"Kí wọ́n gbé ta ni? Èmi tí mo ru simẹ́ńtì gun àtẹ̀gùn yẹn ni wọ́n máa wá rù bí àpò simẹ́ńtì? Má tún sọ bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Ó dáa, sà. Ṣé kí á gbé ọmọ sọ̀ kalẹ̀ wá bá yín?"

"Níwájú pẹpẹ la ti ń kó ọmọ jáde, kì í ṣe níwájú ṣọ́ọ̀bù oníbàtà."

Ẹ wo àgbàlagbà! Kò fẹ́ gòkè, kò fẹ́ kí ọmọ sọ̀ kalẹ̀. Princess ní kí wọ́n lo fóònù. "Bàbá, video call kɛkɛ, video call lásán, kò le rárá." Wọ́n dán an wò, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọ́ bí ìgbín, ẹnu Princess là sílẹ̀ lójú fóònù kò padé mọ́. Wáyà gígùn ńkọ́? Wọ́n ti ta á gba ojú fèrèsé rí. Ọkọ̀ tó gbé ẹrù wá fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù ló wọ́ ọ lọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ́ tẹlifíṣọ̀n mọ́ ọn. Adérónkẹ́ wá ní, "Ìbejì mi ló máa ṣe é."

Bàbá wò ó. "Ṣé màá rí ojú ọmọ náà?"

"Ẹ ó rí i, sà."

"Tí n kò bá rí i, kí ẹlòmíràn pè é o. Mi ò ní pe orúkọ ọmọ sínú òkùnkùn."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Adérónkẹ́ lára. Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ Bàbá ti rọ, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀: àga rẹ̀ níwájú ìjọ, ipò rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀, títí dé kọ́kọ́rọ́ ilé. Orúkọ ọmọ pípè ló kù. Bí èyí náà bá bọ́, kí ni wọn yóò tún máa fi lọ̀ ọ́?

Lọ́jọ́ Ẹtì, òun àti Gifty lọ dán ẹ̀rọ wò. Ó gbé kámẹ́rà sórí ìdúró gíga lẹ́yìn gbọ̀ngàn, kí ó lè máa wo pẹpẹ láti òkè orí àwọn èèyàn. Ó so Panyin mọ́ àárín ìdúró náà, níbi tó ga dé àyà èèyàn, bó ṣe máa ń so ó níbi òkú. Gifty jókòó sábẹ́ igi pẹ̀lú Kakra àti tẹlifíṣọ̀n. Àwòrán mọ́ roro. Gbogbo àga dúró lófìfo, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wọlé láti ojú fèrèsé, Adérónkẹ́ sì ń kọrin bọ̀ wálé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí Yorùbá ṣe ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì lè ti rí àṣìṣe rẹ̀. Òun kò rí i.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, tí ìjọ jókòó tí Pásítọ̀ Ayọ̀níyì ń wàásù, inú àwọn ará ìsàlẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ìyá àgbà kan pariwo pé, "Háà, pásítọ̀ ti pá lórí! Ìgbà wo ló pá?" Bàbá di máíkì mú lọ́wọ́, ojú rẹ̀ wà lára tẹlifíṣọ̀n. Ohùn rẹ̀ ni máíkì yẹn máa gbé lọ sókè.

Pásítọ̀ ní kí wọ́n gbé ọmọ wá. Akọrin bú sórin, gbogbo ìjọ sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń jó, wọ́n ń ju áńkáṣífì sókè. Ibo ni wọ́n ti máa ń kó ọmọ Yorùbá jáde tí àwọn èèyàn á jókòó? Adérónkẹ́ náà ti ń jó nídìí kámẹ́rà nígbà tí ohùn Gifty wọ etí rẹ̀ látinú ohun ìgbọ́rọ̀ fóònù tó kì sétí.

"Akɔ! Rónkẹ́, akɔ! Ó ti lọ!"

"Kí ló lọ?"

"Àwòrán! Ó dúdú kirikiri."

Ó wo bátìrì, ó pé. Ó fọwọ́ kan wáyà kékeré tó so kámẹ́rà mọ́ Panyin, kò bọ́. Ó pa á, ó tún tàn án. "Aba!" ni Gifty ké, ìyẹn ni pé ó ti dé. Kí Adérónkẹ́ tó mí, ó tún ké, "Akɔ!" Áńkáṣífì bọ́ lọ́wọ́ obìnrin sísanra kan tó ń jó níwájú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un. "Aba!" Obìnrin náà nàró. "Akɔ!"

Ìgbà náà ló yé e. Ara èèyàn ni! Àwòrán tó ń gba inú afẹ́fẹ́ kì í lè gba inú ara èèyàn kọjá. Níbi òkú, etí pápá ni wọ́n ń jókòó yí ká, àárín á ṣófo, ọ̀nà Panyin á mọ́. Níbí, ìjọ odindi ló dúró láàárín Panyin àti fèrèsé, tí wọ́n ń mi ìdí. Òun tí wọ́n bí sínú ìjọ yìí, tó ti ń jó nínú rẹ̀ láti kékeré, gbọ̀ngàn òfìfo ló lọ dánrawò.

Orin dákẹ́, àmọ́ wọn ò jókòó. "Bàbá Oyèdélé," ni pásítọ̀ wí, "ẹ bá wa pe orúkọ ọmọ."

Ohùn Bàbá jáde nínú lásípíkà, ó rẹlẹ̀. "Mi ò rí ọmọ. Ẹ máa pè é, pásítọ̀. Ẹ má jẹ́ kí n dá ìsìn dúró."

Níwájú pẹpẹ, Princess yíjú padà wo ìyá rẹ̀, ojú rẹ̀ ti kún fún omi. "Maame, mepa wo kyɛw," ló wí, ó ń bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ jókòó!" Adérónkẹ́ kígbe. "Ẹ jọ̀ọ́, gbogbo yín, ẹ jókòó!"

"Kí ọmọ wà níwájú pẹpẹ kí á jókòó?" ni obìnrin sísanra yẹn wí. "Ìyá Princess, ṣé ara yín dá?"

Ẹnì kankan ò jókòó. Adérónkẹ́ já Panyin kúrò lára ìdúró kámẹ́rà, ó bọ́ bàtà, ó gun orí bẹ́ńṣì, ó sì gbé e sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó kọjú rẹ̀ sí fèrèsé. Agbára káká ni wáyà rẹ̀ fi tó. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń ní kí ó sọ̀ kalẹ̀. Ohùn Gifty ló ń fetí sí.

"Aba," ni Gifty wí. Ó tún wí pé, "Aba, Rónkẹ́. Ó dúró. Má mira o!"

Ohùn Bàbá tún jáde, ó ti yàtọ̀. "Princess, yí ojú rẹ̀ sí mi."

Princess gbé ọmọ náà kọjú sí kámẹ́rà. Apá ti ń ro Adérónkẹ́.

"Yaw wá bá mi ní ilé ìwòsàn," ni Bàbá wí. "Ó ní lọ́dọ̀ tiwọn, bàbá ọmọ ló ń yan orúkọ, wọ́n sì máa ń fi orúkọ ẹni tó wà láàyè sọ ọmọ, láti yẹ ẹni náà sí. Mo ní lọ́dọ̀ tiwa, a kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n òun fẹ́ kí ọmọ òun jọ obìnrin tó tọ́ ìyàwó òun. Mo rò ó títí. Ọmọ mi ni obìnrin náà. Èmi náà fẹ́ kó jọ ọ́."

Ó gbé máíkì sún mọ́ ẹnu.

"Adérónkẹ́. Ìwọ ọmọ yìí, orúkọ rẹ nìyẹn. Adérónkẹ́ Yaa."

Gbogbo ìjọ gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ń yíjú padà wo obìnrin tó dúró lórí bẹ́ńṣì láìwọ bàtà. Omi ti bò ó lójú, kò rí pẹpẹ mọ́, kò rí ẹnì kankan. Ó fẹ́ nu ojú. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ ọwọ́ kalẹ̀ báyìí, ojú ọmọ á pòórá mọ́ Bàbá lójú, Bàbá ò sì tíì wò ó tán. Ó jẹ́ kí omijé náà máa ṣàn bọ́ sí ọrùn, ó sì tún na ọwọ́ méjèèjì sókè sí i.