Àwọn Olùṣọ́ Orí Bẹ́ẹ̀dì Ọmọ Mi

Bí wọ́n bá ti kírun Alásárì tán ni ọmọ mi máa ń bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Á ká ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, á di ẹ̀ṣẹ́, igbe á ta. Ó yó o, ilédìí rẹ̀ gbẹ, ara rẹ̀ kò gbóná. Ó kàn ń ké ni, bíi wákàtí mẹ́ta gbáko. Kò tíì pé oṣù kan láyé nígbà náà, èmi náà kò sì tíì pé oṣù kan nídìí iṣẹ́ ìyá.

Dókítà ò sì wọ́n nínú agboolé ọkọ mi n'Ísàlẹ̀ Èkó. Àwọn tí kò mọ ohun tó ń dun orúnkún ara wọn ni wọ́n mọ ohun tó ń ṣe inú ọmọ mi. Ọ̀kan ní omi tútù tí mo mu ni, òmíràn ní ẹ̀wà ni. Wọ́n gba omi tútù lẹ́nu mi, wọ́n gba ẹ̀wà, wọ́n gba ata, ó wá ku ẹ̀kọ gbígbóná. Ọmọ kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo ti ń gbààwẹ̀ nítorí òun, ó ń ké lọ.

Nọ́ọ̀sì tó ń wọn ọmọ nílé ìwòsàn ti sọ fún mi pé inú á máa run ọmọ mìíràn bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, á sì lọ fúnra rẹ̀. Ó ní kí n gbé e mọ́ àyà, kí n jẹ́ kó gùnfẹ̀, kí n máa rìn kiri. Bó bá sì fẹ́ sùn, kí n fẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, kí nǹkan kan má sí lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú rẹ̀. Mo jíṣẹ́ yìí fún ìyá ọkọ mi, Alhájà tó ń ta mílíìkì àti ṣúgà ní páálí-páálí l'Ókè Àrin.

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Nọ́ọ̀sì yẹn, ọmọ mélòó ló bí? Ẹnu àgbà lobì ti ń gbó, ìyàwó. A kì í fi ọmọ tuntun sílẹ̀ lóun nìkan. Ohun tí ojú rẹ̀ ń rí ló ń ké sí."

Bí wọ́n ṣe yan olùṣọ́ fún ọmọ mi nìyẹn. Ìgbálẹ̀ tuntun wà lápá ọ̀tún, Kùránì wà lókè orí, ọ̀bẹ kékeré wà lábẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n fi okùn dúdú so tírà mọ́ ọmọ lọ́rùn. Wọ́n to ìrọ̀rí mẹ́rin yí i ká kí ó má baà yí ṣubú, ọmọ tí kò tíì lè gbé ọrùn! Àwọn olùṣọ́ pọ̀ débi pé ẹni tí wọ́n ń ṣọ́ kò ráyè sùn. Èmi tí mo mọ òdodo, mo panu mọ́ nítorí pé wọ́n ń pè mí ní ìyàwó rere. Ìwà rere mi yẹn ṣì ń bí mi nínú títí dòní.

Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ kan tí igbe ti ta, Alhájà gba ọmọ lọ́wọ́ mi kí n lè wẹ̀. Nígbà tí mo jáde, kẹ́kẹ́ pa. Alhájà wà ní pálọ̀, ó gbé ìgò mọ́ọ̀tì tó ń mu lọ́wọ́. "Mo dojú rẹ̀ bolẹ̀, mo daṣọ bò ó, ó ti sùn. Nọ́ọ̀sì yín dà?"

Inú mi dùn, kí n má parọ́. Mo tilẹ̀ jókòó jẹun. Mo ti gbé òkèlè kejì mì kí n tó rántí ohun tí nọ́ọ̀sì sọ.

Mo wọ yàrá. Mo rí ìgbálẹ̀, mo rí ìrọ̀rí, n kò rí ọmọ. Mo ká aṣọ kúrò, mo bá a ní ìdojúbolẹ̀, imú rẹ̀ wà nínú ìrọ̀rí, ẹ̀yìn rẹ̀ tutù rinrin fún òógùn. Okùn tírà ti yí, ó fún un lọ́rùn. Mo gbé e, kò ké. Ètè rẹ̀ ti ṣú. Mo fa okùn, kókó rẹ̀ kò tú. Mo figbe ta.

Alhájà sáré wọlé. Ó fọwọ́ wá abẹ́ ìrọ̀rí, ó yọ ọ̀bẹ, ó gé okùn náà. Ọmọ mí kanlẹ̀, ó wá bú sẹ́kún. Màlúù tí kò nírù, Ọlọ́run ní ń bá a lé eṣinṣin. Igbe tí mo ti ń sá fún látọjọ́ yìí, mo gbọ́ ọ, mo sunkún ayọ̀.

"Alhájà," ni mo wí, ohùn mi sì le, "ẹ bá mi bi ìgbálẹ̀ yìí léèrè. Òun lẹ ní kó máa ṣọ́ ọ."

Ìborùn rẹ̀ ni Alhájà fà yọ. A gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí wọ́n ní kò sí ewu tí a sì padà délé, Alhájà fúnra rẹ̀ ló kó gbogbo ìrọ̀rí kúrò.

Láti ìgbà náà, bí igbe bá ta lẹ́yìn Alásárì, Alhájà ló ń gbé ọmọ mọ́ àyà, á máa rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìnkùlé títí ọmọ á fi gùnfẹ̀. Bó bá sùn, á fẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì òfìfo, á fa àga jókòó tì í. Ó sì ń sọ fún àwọn àlejò pé ọ̀dọ̀ òun ni nọ́ọ̀sì ti kọ́ ọ. N kò jiyàn.

Lọ́sẹ̀ kejì, àbúrò rẹ̀ obìnrin ti Jánkárà dé pẹ̀lú ìgbálẹ̀ tuntun. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi èyí ti ọmọ o."

Alhájà gbà á, ó dúpẹ́. Ó fi gbá yàrá mọ́ tónítóní, ó fi í sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó padà jókòó.

"Ìgbálẹ̀ ò lójú," ló wí. "Èmi ni mò ń ṣọ́ ọ."